Irin Tí Kò Tíì Gbà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí pọ́ǹpù omi ìlú Kpingni tún kán, Bàbá Narcisse wá sí ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ Marlène Òkè, ó sì kọ̀ láti jókòó. Àwọn ọkùnrin méjì nínú ìgbìmọ̀ pọ́ǹpù tẹ̀ lé e. Marlène gbé àpótí kan síwájú, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó kúnlẹ̀. Bàbá Narcisse, tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó sì jẹ́ olórí ẹbí wọn, wo àpótí náà bí ẹni pé eruku ṣì wà lórí rẹ̀.

"Marlène, ilé tí o ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ yìí, ta ló ni ín?"

"Ẹbí ni, Bàbá."

"Ta ni olórí ẹbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dára. Mo fún ọ títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá wọ̀ tí pọ́ǹpù náà kò sì fa omi, kó irinṣẹ́ rẹ jáde. Fréjus ni yóò gba ibẹ̀."

Fréjus ni ọkọ ọmọbìnrin Bàbá Narcisse. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ló fi ń jó irin ní ẹ̀bá títì tó lọ sí Parakou, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tó ní òrùlé.

Mo wà níbẹ̀. Orí òkúta tó wà lẹ́bàá ògiri ni mo jókòó sí, níbi tí mo máa ń jókòó sí láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ olùkọ́. N kò dìde nígbà tí wọ́n dé, n kò sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ.

"Bàbá Narcisse, ṣé ẹ kò ní béèrè ohun tó mú kó kán?"

"Màdáàmù Jeanne," ni ó wí, láì yíjú sí mi, "ohun tó mú kó kán kọ́ ni àwọn obìnrin yóò pọn wálé."

Wọ́n lọ. Marlène ṣì wà lórí eékún rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dìde.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ irú ènìyàn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Marlène Òkè jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kò ga, kò sì sanra. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló tóbi. Àpá kéékèèké funfun wà káàkiri apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí gààrì ta sí lára, ojú iná sì ni gbogbo wọn ti wá. Ilé àgbẹ̀dẹ tí à ń sọ yìí, bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, abẹ́ òrùlé yẹn gan-an sì ni ìyá rẹ̀ ti rọbí rẹ̀, nítorí òjò tí kò jẹ́ kí wọ́n délé. Kò lọ́kọ mọ́, kò sì bímọ. Bí a bá gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tí yóò ṣẹ́ kù tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó wọ kíláàsì mi, CM2, ọdún tí àwọn ọmọ ń múra ìdánwò ìwé àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan, a ń ka ẹsẹ kan nínú ìwé Faransé, a sì kan ọ̀rọ̀ náà, soudure. Mo ní ìsopọ̀ irin mọ́ irin ni. Ó nawọ́ sókè.

"Màdáàmù, kí ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe kó tó di ti irin?"

N kò rí ọmọ tó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún rí i mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ ńlá tí àwọn Sísítà fún mi nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, mo sì kà á fún wọn. Mo ní èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, èdè tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ nínú Mísà tí wọn kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Solidare ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: kí a sọ nǹkan di líle, kí ó pé, kí ó má mì mọ́. Mo tún ka èkejì rẹ̀, brasure, èyí tí a fi idẹ yíyọ́ ṣe. Inú braise ni ìyẹn ti jáde, ẹ̀yín iná pupa, nítorí pé orí ẹ̀yín iná ni àwọn àgbà ti kọ́kọ́ ń ṣe é. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Marlène gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ronú. "Àwọn ará títì ń sọ pé àwọn ń jó irin," ni ó wí. "Bàbá mi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé irin ti gbà."

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan," ni mo dá a lóhùn.

"Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó lọ dúró ní igun, kí ó kọjú sí ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun bàbá rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń so ẹnu ọkọ́ tó ti gbó mọ́ irin tuntun. Àbúrò rẹ̀ Narcisse, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ló ń fín ẹwìrì. Bàbá Marlène jẹ́ kí n rò tán. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀mú fa irin méjèèjì yọ, wọ́n funfun bí ọ̀sán gangan, iyanrìn tó bù lé wọn ti yọ́ bí oyin. Ó gbé ọ̀kan lé èkejì, ó fi òòlù lù ú, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn náà yí padà. "Ó ti gbà," ni ó wí fún ẹwìrì, Narcisse sì jáwọ́. Ìgbà náà ló tó yíjú sí mi. "Màdáàmù, èmi kọ́ ni mo ń so ó. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni. Bí mo bá kánjú, yóò gbà lójú, kò ní gbà nínú." Nígbà tí ọkọ́ náà dúdú, Narcisse bu omi tútù sínú igbá, ó dà á lé e lórí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ, pé kí ara tu irin, kí ara tu ẹni tí yóò lò ó. Ààtò ilé wọn ni: ohunkóhun tó bá jáde nínú iná, omi tútù ni a fi ń kí i káàbọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ènìyàn. Àwọn náà ń lọ sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú o, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó takora níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí Marlène di olùkọ́. Mo ti bá a wá àyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pàápàá. Ó dúpẹ́, ó sì lọ sí Bohicon láti kọ́ iṣẹ́ irin. Mo bínú sí i fún ọdún méjì. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ fi odidi ọdún kan jẹ́ kó máa gbálẹ̀, ó ní kó máa kọ́ iṣẹ́ láti orí ìgbálẹ̀. Ó kọ́ ọ láti orí ìgbálẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ìwé náà ń bẹ lára ògiri títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá rẹ̀, èéfín sì ti sọ àwọn méjèèjì di àwọ̀ kan náà.

Pọ́ǹpù ọ̀hún dàgbà ju Marlène lọ. Orí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ gígùn náà ń yí lé, jẹ́ irin tí a yọ́ dà, tí àwọn Faransé ń pè ní fonte. Kì í ṣe irin tí a fi òòlù lù di ọkọ́ tàbí àdá. Ó le púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń tẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá gbóná tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì tutù lójijì, yóò sán. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó kán ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ àwọn Kátólíìkì, nígbà tí ẹ̀rùn mú jù. Láti ìgbà náà, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ láàárín àwọn àpáta ni àwọn obìnrin ń rìn lọ sí ẹ̀yìn òkè, láti bu omi tó pupa bí ògiri.

Fréjus ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù bù yẹ̀rì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kó tó ká okùn ẹ̀rọ náà tán, irin náà ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó, ó dún bí ẹni pa ekùrọ́. Fréjus ní irin náà ti kẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí Marlène. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi idẹ so ó lórí ẹ̀yín iná, ó rì í sínú kòtò eérú gbígbóná kí ó máa tutù díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó lọ sí Dassa láti wá bóòtù tuntun tí wọn yóò fi dè é. Nígbà tó dé ní agogo mẹ́rin, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti dè é mọ́ pọ́ǹpù. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, nínú garawa kẹta, orí pọ́ǹpù náà là sí méjì. Ọwọ́ irin náà já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ tí Sonia pọ̀n sẹ́yìn. Bí ó bá sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìka méjì sí i, òkú ọmọ ni à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ti wá mọ ohun tó gbé Bàbá Narcisse wá ní ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Marlène gbé àjákù irin méjèèjì sínú oòrùn. Ó wò wọ́n pẹ́. "Màdáàmù, ẹ wo ibí." Ìlà idẹ náà kò yẹ̀, ó ṣì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni irin fúnra rẹ̀ ti sán, ojú sísán náà sì mọ́ tónítóní. Ó lọ sí ibi kòtò eérú, ó fi ọwọ́ walẹ̀, ó fa ìṣù eérú kan jáde tó ti gan bí búrẹ́dì àná. Ó fọ́ ọ láàárín ìka rẹ̀.

"Eérú kì í le báyìí fúnra rẹ̀," ni ó wí. "Ẹnìkan da omi sí i."

Sonia ń kọjá lọ sí ẹ̀yìn òkè, abọ́ rẹ̀ lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìyàwó ọmọkùnrin Bàbá Narcisse ni, inú agbo ilé rẹ̀ ló sì ń gbé. Marlène pè é.

"Sonia, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ta ló wá sí ibí nígbà tí n kò sí nílé?"

Sonia wo ilẹ̀. "Tantí, ẹ má fi mí sí i."

"N kò fi ọ́ sí nǹkan kan. Ta ni?"

"Bàbá ni. Wọ́n ní ó ti dúdú, ó ti tó láti kí i káàbọ̀. Wọ́n bu omi, wọ́n ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Ó dún díẹ̀. Wọ́n ní ìdáhùn rẹ̀ ni."

Mo dìde. "Mo ń lọ bá a. Kí ìgbìmọ̀ jókòó lónìí, kí gbogbo ìlú gbọ́."

"Màdáàmù, ẹ jókòó."

Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pàṣẹ fún mi rí. Mo jókòó.

"Bí mo bá sọ pé omi wọn ló fọ́ ọ," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "mo ti sọ lójú ìlú pé àwọn ló gbẹ́mìí ọmọ yìí lé etí ikú. Wọn yóò gba ilé lónìí, wọn kò ní dúró de ọjọ́ Ẹtì. Sonia náà kò ní sùn nínú agbo ilé yẹn lálẹ́ òní."

"Bí o kò bá sì sọ, wọn yóò tún da omi sí i."

"Mo mọ̀."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú tí n kò rí ibi tí mo lè gbé e sí. Ọkùnrin náà kò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ohun tó sì mú un burú jù nìyẹn. Ogójì ọdún ló ti fi ń da omi tútù sórí ọkọ́ àti àdá, kò sì sí ọ̀kan tó sán, nítorí irin tí a fi òòlù lù lè gba omi. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé irin tí a yọ́ dà kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Marlène gun ọ̀kadà zémijan kọ̀ọ̀kan lọ sí Dassa. Lẹ́yìn ọjà ni Hàlímọ̀tù ń ta àlòkù irin, ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, àti ìkòkò tó ti fọ́. Idẹ ni a wá.

"Ìwọ rèé," ni Hàlímọ̀tù wí. "Ọlọ́kadà tó gbé mi wá láàárọ̀ ti sọ fún mi. Wọ́n ní o fẹ́ fi pọ́ǹpù pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọlọ́kadà náà sọ bí orúkọ mi ti ń jẹ́?"

"Ó ní obìnrin tó fẹ́ irin." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń tú àpò kan. "Mo ní kò burú, ọkọ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lọ síta."

Ẹnu ẹ̀rọ omi méjì péré ló ní tó jẹ́ idẹ gidi. Marlène gbé wọn wò lọ́wọ́. Wọn yóò tó fún ìsopọ̀ kan ṣoṣo.

"Kò sí òmíràn?"

"Ó di oṣù tó ń bọ̀. Mú un lọ. Nígbà tí omi bá jáde, a óò sọ̀rọ̀."

Ọjọ́rú ló fi fá ojú sísán náà mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sìnkú ìyá àgbàlagbà kan, ohùn òòlù kò sì gbọdọ̀ dún ní Kpingni lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò dáná rárá. Ó wá ku ọjọ́ Ẹtì nìkan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lórí òkúta mi. Marlène ti to bíríkì yí iná ká. Ó gbé irin náà sáàárín èédú, ó sì ń fún un lóoru díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i bí ẹni ń sun iṣu fún aláìsàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pọ́n bákan náà, ó bu bóráàsì, ìyẹ̀fun funfun tí kì í jẹ́ kí ìpẹ́ iná bo irin, ó sì fi idẹ kan ojú sísán náà. Fún ìgbà díẹ̀, idẹ náà dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, kò lọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ́, ó sáré wọ inú ojú sísán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí omi tó rí ọ̀nà. Agogo mẹ́sàn-án ni. Ó rì í sínú eérú gbígbóná tí kò sí ọ̀rinrin nínú rẹ̀, ó fi pákó bo kòtò náà, ó jókòó lé e.

"Wákàtí mélòó?" ni mo béèrè.

"Mẹ́jọ. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo kà á lórí ìka mi. Agogo márùn-ún. Oòrùn máa ń wọ̀ lẹ́yìn òkè wa kí agogo méje tó lù.

Ní agogo kan, Fréjus dé. Ó ti di ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn yóò fi wọlé. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Tantí Marlène, ṣé ẹyin lẹ ń sàba lé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dúró lọ́hùn-ún, kí n má bàa ṣá ọ jẹ."

"Ẹ fara balẹ̀. Mo lè dúró. Mo ti ń wọn ibi tí màá gbé tábìlì mi sí."

"Wọ̀n ọ́n dáadáa. Bóyá wàá rántí bí ó ti tóbi tó."

Ní agogo méjì kọjá, Bàbá Narcisse dé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn wọn, Sonia láàárín wọn. Ó wọ fìlà funfun. Igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Marlène rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó náà, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán. Ṣé o ti parí?"

"Iṣẹ́ iná ti parí, Bàbá. Ó ń sinmi."

"Mo wá fi omi tútù kí i káàbọ̀. Ṣí i."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ó di ìrọ̀lẹ́."

"Mo ní kí o ṣí i."

Marlène kò ṣí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tẹ̀ síwájú, ó fa pákó náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ooru sì gòkè sí gbogbo wa lójú. Nínú eérú, mo rí igun irin náà, ó dúdú, ó dákẹ́, bí ohun tó ti tutù. Ibẹ̀ ni ojú Bàbá Narcisse wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ náà, pé kí ara tu irin, ó sì tẹ igbá náà. Omi àkọ́kọ́ dà sí etí kòtò, eérú ta, ó dún ṣìì.

Marlène na ọwọ́, ó di etí igbá náà mú.

Mo gbọ́ bí gbogbo àwọn obìnrin náà ti fa èémí. Igbá omi tútù wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, ó wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ rẹ̀, obìnrin sì gbá a mú. N kò rí i rí, bí mo ti dàgbà tó yìí. Mo dìde, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

"Bàbá," ni ó wí, "kò tíì gbà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò tíì gbà."

Bàbá Narcisse wò ó. Igbá náà ṣì wà láàárín wọn, omi inú rẹ̀ ń mì.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ̀yin lẹ ń fín ẹwìrì fún wọn. Bí wọn kò bá tíì sọ pé ó ti gbà, ẹ kì í jáwọ́, ẹ kì í sì bu omi."

Fréjus rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò. "Bàbá, irin kì í gba nǹkan kan. Ó dúdú, ó ti tán. Ẹ da omi yín."

Bàbá Narcisse kò yíjú sí i. "Pa ẹnu rẹ mọ́," ni ó wí. "O kò sí níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ lọ sí igun ilé, níbi tí ẹwìrì àtijọ́ ṣì wà, awọ rẹ̀ ti ya.

"Nígbà wo ni yóò gbà?"

"Nígbà tí mo bá lè fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé e tí n kò fà á padà."

"Oòrùn ọjọ́ Ẹtì kò ní dúró dè ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo ti sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá Narcisse yọ igbá náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Marlène bo kòtò. Ọkùnrin náà wo àyíká, ó rí àpótí tó kọ̀ láti jókòó lé ní ọjọ́ Ajé, ó sì jókòó lé e, igbá omi lórí itan rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti agogo méjì ààbọ̀, kò sì gbé igbá náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ sílé.

Ní agogo márùn-ún, Marlène wa eérú, ó fi ọwọ́ kàn án, ó fà á padà. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀, ó fi kàn án, ó tún fà á padà. Òjìji òkè ti dé orí òrùlé. Fréjus dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ní agogo mẹ́fà, Marlène gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé irin náà. Mo ń ka iye nínú ọkàn mi bí mo ti máa ń kà á fún àwọn ọmọ. Mo ka dé ogún. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀.

Ó gbé e jáde, ó so ó rọ̀ lórí okùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan kàn án. Irin tó sán kì í dún. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Èyí dún, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìlà idẹ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n bí okùn òwú. Bàbá Narcisse sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi kú.

"Ó ti gbà," ni ó wí, fún ara rẹ̀.

Wọ́n sáré dè é mọ́ pọ́ǹpù. Ìdajì oòrùn ti lọ. Sonia di ọwọ́ irin náà mú, ó fà á, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó tún fà á. Awọ inú pọ́ǹpù ti gbẹ láti ìgbà tí kò ti mu omi, kò sì lè fa nǹkan kan sókè. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà náà ni Bàbá Narcisse dìde pẹ̀lú igbá rẹ̀, ó sì bi Marlène, lójú gbogbo wa:

"Ibo ni kí n da èyí sí?"

"Sí ọ̀fun rẹ̀, Bàbá. Gbogbo rẹ̀."

Ó dà á sí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sonia ń fà á. Ní ìgbà kẹjọ, nǹkan kan wúwo lábẹ́ ilẹ̀. Ní ìgbà kọkànlá, omi jáde, ó pupa ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó mọ́. Bóyá oòrùn ti wọ̀ nígbà yẹn tàbí kò tíì wọ̀, wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ ní Kpingni. Ẹni tó yẹ kó dá ẹjọ́ rẹ̀ kò jiyàn. Ó sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé: "Fréjus, gbé ẹ̀rọ rẹ kúrò ní ẹnu ọ̀nà yẹn, kí Marlène lè rí ibi gbà wọlé."

Nípa ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan di òní olónìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó rán Sonia wá pẹ̀lú igbá náà. Ara ògiri ilé àgbẹ̀dẹ ló wà báyìí, lábẹ́ ìwé ẹ̀rí tí èéfín ti pọ́n. Bí ohunkóhun bá jáde nínú iná, Bàbá Narcisse a máa wá kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n orí àpótí ni yóò jókòó sí títí Marlène yóò fi gbé igbá lé e lọ́wọ́.

Àwọn kan sọ pé kò yẹ kí n kọ apá ti omi yẹn, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Wọ́n ti gbàgbé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo sì gbé ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ ńlá mi kalẹ̀, èyí tí n kò jẹ́ kí ọmọ kankan fi kálámù kàn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe olùkọ́. Mo ṣí i sí ojú ewé soudure. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì tí kò ṣe é pa rẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ bàbá Marlène sí i pé irin ti gbà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.